Ṣé Ilé-Ìwé Tó Le Yóò Bá Ọmọ Yín Mu? Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Kí Ẹ Tó Fi Í Síbẹ̀

Bí ìwé ìgbaniwọlé bá dé láti ilé-ìwé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀, inú òbí máa ń dùn débi pé kò ní rántí béèrè nǹkan kan mọ́. Ọmọ ti yege, ẹbí ti gbọ́, ọ̀rẹ́ ti ń kí wa kú oríire. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìdánwò àbáwọlé lè sọ fún wa ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ yìí dáhùn àwọn ìbéèrè kan dáadáa. Kò lè sọ bí yóò ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá sáà, nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta ń dúró dè é, tí ọmọ méjìlá nínú kíláàsì sì mọ ìṣirò jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí lọ.

Ọmọ mi méjì ni mo ti fi sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ó tu ti àkọ́kọ́ lára gan-an: ọmọ tó ti máa ń sùn nínú kíláàsì níbi tó wà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí n tó jí i. Èkejì lo ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀ kí n tó gbà pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí. Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ǹ bá gbé fún èkejì ká ní mo mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ìdí yín sílẹ̀

Kí bàbá kọ tirẹ̀, kí ìyá kọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wo ti ẹnìkejì kó tó parí. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo orúkọ ẹni tó wà nínú ohun tí ẹ kọ. Ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà gan-an: "Ó ti parí ìwé ìṣirò kíláàsì rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì rí nǹkan tuntun kọ́ mọ́." Ìdí tí kò lè gbé ọmọ ró ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ wa wà níbẹ̀, èmi fúnra mi ò láǹfààní rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú; ìfẹ́ ló bí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó hàn sí yín pé ìfẹ́ tiyín ni, kí ẹ má baà dì í lé ọmọ lórí láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá le

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni àwọn òbí sábà máa ń fò. Ẹ ya ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Ẹ wá nǹkan tó ga díẹ̀ ju agbára ọmọ lọ: ìṣirò kíláàsì tó wà níwájú, ìwé tí èdè inú rẹ̀ le díẹ̀, orin tuntun lórí dùùrù, ohun tí a ní láti tò pọ̀ kó tó dúró. Ẹ gbé e fún un, ẹ jókòó sí tòsí, kí ẹ sì wá nǹkan tiyín ṣe. Fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má ràn án lọ́wọ́, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn.

Ọmọ kan á gbìyànjú lọ́nà kan, kò ní bọ́ sí i, á pa á rẹ́, á tún gba ọ̀nà mìíràn. Òmíràn á dìde lọ mu omi, á padà wá. Òmíràn á bú sẹ́kún. Ẹ má jẹ́ kí ẹkún já yín láyà. Mo ti rí ọmọ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ tí pẹ́ńsù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fara da ilé-ìwé tó le. Èyí tó yẹ kó mú yín ronú ni ọmọ tó rọra pa ìwé dé, tó ní òun ti parí nígbà tí kò tíì ṣe nǹkan kan, tàbí tó ń yọ́ wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé. Bí ẹ bá bi í, á ní: "Kò le o, kò kàn wù mí ṣe ni." Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá ó ń padà sídìí iṣẹ́ náà, àti iye ìgbà tó padà kó tó pa á tì. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé ohun tó wu òbí ló máa ń rántí.

Ọ̀nà tí a ń gbà yin ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn, gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n sì yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ tó le gan-an fún gbogbo wọn, tí ọwọ́ kò tó. Nígbà tí wọ́n tún padà sí iṣẹ́ tó rọrùn bíi ti àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ṣe é burú ju bí wọ́n ti ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n yìn fún akitiyan sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ máàkì wọn fún ọmọ mìíràn tí wọn kò mọ̀ rí, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ló parọ́ jù. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí gbogbo ilé ti ń pè ní "ọ̀jọ̀gbọ́n wa" láti kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ ẹnu yín padà báyìí, ó kéré tán oṣù mẹ́fà kó tó wọ ilé-ìwé náà. Orúkọ yẹn wúwo láti gbé nígbà tó bá kọ́kọ́ gba máàkì 40 nínú 100.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ òpó tó gbé máàkì rẹ̀ ró

Oṣù mẹ́jọ la fi múra ìdánwò àbáwọlé sílẹ̀ fún ọmọ mi kejì. Tíṣà ń wá kọ́ ọ nílé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, èmi náà ń jókòó tì í lálaalẹ́. Ó yege. Mo ka máàkì náà sí tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ló jókòó ṣe ìdánwò yẹn. Nígbà tó wọlé tán, a kò lè dẹ́kun. Bí a bá dá tíṣà dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ á wó lulẹ̀.

Ẹ dán an wò ṣáájú. Fún ìdajì sáà kan, ẹ dá ẹ̀kọ́ àfikún dúró, kí ẹ̀yin náà má tọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá sọ́nà. Ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má ṣàjèjì sí i. Bí máàkì bá rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tó sì dúró, òpó tirẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Bó bá ṣubú yakata, ẹ ti mọ̀ pé ilé-ìwé tó le á gba ìlọ́po ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń ṣe báyìí, lọ́dọọdún, títí yóò fi jáde.

Òdìkejì náà wà, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí àwọn òbí kò bá rí i. Ọmọ lè máa gba máàkì àárín nítorí pé ẹ̀kọ́ kò tó o. Ẹ máa rí i pé ó máa ń kùnà níbi tó rọrùn, tó sì ń gbà níbi tó le. Pé ó ń da kíláàsì rú lẹ́yìn tó bá parí iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Pé ìbéèrè tó ń bi yín lálẹ́ kò bá ìwé tó ń kà níléèwé mu rárá. Tàbí pé ó ń díbọ́n pé òun kò mọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe ẹlẹ́yà. Fún irú ọmọ yìí, ilé-ìwé tó le lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí yóò ti rí ẹni tó dà bí òun. Bí àkọ́kọ́ mi ṣe rí nìyẹn. Kò gba ipò kìíní rí kó tó lọ síbẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìparí ọdún ìgbaniwọlé lè fi nǹkan bí ọdún kan kéré sí ẹni tó jókòó tì í. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Kelly Bedard àti Elizabeth Dhuey, fi hàn lọ́dún 2006 pé àwọn ọmọ tó kéré jù nínú kíláàsì máa ń gba máàkì tó kéré sí ti àwọn tó dàgbà jù, àti pé ìyàtọ̀ náà ṣì máa ń wà nígbà tí wọ́n bá dé kíláàsì kẹjọ. Bí ọmọ yín bá kéré báyìí, tàbí tí wọ́n ti mú un fo kíláàsì kan, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè dá àyè rẹ̀ dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ irú líle tó wà níbẹ̀

Líle ẹ̀kọ́ pín sí méjì: ti ẹrù àti ti ìjìnlẹ̀. Ilé-ìwé kan le nítorí pé iṣẹ́ pọ̀: ojú ewé 40 láti kà kó tó di ọ̀la, ìdánwò kékeré lójoojúmọ́, ohun àkọ́sórí rẹpẹtẹ. Òmíràn le nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo lè gba ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ọmọ tó máa ń ronú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó fẹ́ mọ ìdí kó tó tẹ̀ síwájú, lè rì sínú ti ẹrù bó ti wù kó lọ́gbọ́n tó. Ọmọ tó yára há nǹkan sórí, tó fẹ́ràn kí a sọ ohun tí òun máa ṣe fún òun, lè máa ráre nínú ti ìjìnlẹ̀.

Ìwé ìpolówó kò ní sọ èyí fún yín. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìwé iṣẹ́ ọmọ kan nínú kíláàsì tí tiyín máa wọ̀, ti àárín sáà, kí wọ́n bo orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá hàn yín. Ẹ ka ohun tí olùkọ́ kọ sí etí ìwé náà: ṣé àmì ẹ̀tọ́ àti àṣìṣe nìkan ló wà níbẹ̀, àbí olùkọ́ ṣàlàyé ibi tí ọmọ ti ṣìnà?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè nípa ọmọ tó wà ní àárín

Nígbà tí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé náà, wọn á fi ife-ẹ̀yẹ hàn yín, wọn á sì pe ọmọ tó gba ipò kìíní kó wá kí yín. Ó dáa. Àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo ni ipò kìíní ń gbà. Nínú kíláàsì ọmọ 30 tí gbogbo wọn yege ìdánwò àbáwọlé, 15 ni yóò wà ní ìdajì ìsàlẹ̀, kò sí bí a ṣe lè yí ìṣirò yẹn padà. Ilé-ìwé tí àwọn 15 yẹn ń lọ gan-an ló yẹ kí ẹ wò, torí pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín wà lára wọn.

Nítorí náà, ẹ béèrè báyìí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé: Nínú àwọn tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́, mélòó ló parí síbí? Àwọn tó lọ, kí ló dé tí wọ́n fi lọ? Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ta ló ń pè é, ìgbà wo sì ni? Ṣé ẹ máa ń lẹ ipò àwọn ọmọ mọ́ ara ògiri? Ṣé ọmọ tí kò mọ ìṣirò dáadáa láyè láti wà nínú ẹgbẹ́ eléré? Ẹ gbọ́ bí ìdáhùn bá ní àwọn nǹkan tó ṣeé fojú rí nínú: orúkọ olùkọ́ tó ń mójú tó o, ọjọ́, aago. Bí wọ́n bá kàn dáhùn pé "Àwọn ọmọ wa kì í fìdí rẹmi," ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó bá fìdí rẹmi kì í ṣe ọmọ wọn mọ́.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá jáde, ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ wo bóyá wọ́n ń ṣeré. Ẹ tún wá òbí kan tí ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹ sì wá òbí ọmọ kan tó wà ní àárín kíláàsì. Àwọn méjèèjì yìí á sọ ohun tí òbí olùborí kò lè mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ múra ọmọ sílẹ̀ fún ipò tuntun

Herbert Marsh, onímọ̀ nípa ìrònú àti ẹ̀kọ́ ọmọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ọ̀rọ̀ kan tó fi wé ẹja ńlá inú adágún kékeré. Ọmọ méjì tí ọgbọ́n wọn dọ́gba, tí ọ̀kan wà láàárín àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an, tí èkejì wà ní ilé-ìwé lásán: ẹni àkọ́kọ́ ni kì í sábà gba ara rẹ̀ gbọ́ tó ẹnìkejì. Lọ́dún 2003, òun àti Kit-Tai Hau wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 15 tó lé ní 100,000 láti orílẹ̀-èdè 26, wọ́n sì rí ohun kan náà.

Ohun mìíràn wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Atila Abdulkadiroğlu, Joshua Angrist àti Parag Pathak, wo àwọn ilé-ìwé girama tí wọ́n ń fi ìdánwò gba ọmọ wọlé ní Boston àti New York. Wọ́n fi àwọn ọmọ tó fi máàkì díẹ̀ wọlé wé àwọn tó fi máàkì díẹ̀ pàdánù rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014, ìyàtọ̀ tí wíwọ ilé-ìwé náà mú bá èsì ìdánwò wọn lẹ́yìn náà kò tó nǹkan. Bí ọmọ yín bá wà lẹ́nu ààlà, tí ẹ kò bá fi í síbẹ̀, ẹ kò ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fi í síbẹ̀, ẹ sọ fún un ṣáájú. "Níbi tí o wà, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Níbẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé o ti di òmùgọ̀." Kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó rí i lórí ìwé èsì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣírò wákàtí

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 nínú wákàtí 24; ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà ṣe là á kalẹ̀ lọ́dún 2016 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 13. Oorun, 9. Ilé-ìwé, 8. Àlọ àti àbọ̀, 2. Ìwẹ̀, oúnjẹ àti iṣẹ́ ilé, 2. Ó ku 3. Bí iṣẹ́ àṣetiléwá bá gba méjì ààbọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù fún eré, fún ọ̀rẹ́, fún jíjókòó lásán. Bí ẹ bá fi ẹ̀kọ́ àfikún wákàtí kan kún un, kò sí ibi tí ẹ ti máa yọ ọ́ bí kò ṣe lára oorun.

Harris Cooper, tó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, gbà pẹ̀lú ìlànà ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan: kíláàsì kìíní, ìṣẹ́jú 10; kíláàsì kẹfà, 60. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ níbẹ̀, lọ́wọ́ ọmọ tó ń kà níbẹ̀. Bí ilé yín bá jìnnà, ojú ọ̀nà nìkan lè dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Bí ẹ bá bi í pé "Ṣé o fẹ́ lọ?" á wo ojú yín, á sì dáhùn bí ojú yín bá ṣe rí. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Kí ló máa sàárò jù níbi tó wà? Kí ló ń bà á lẹ́rù níbẹ̀? Ká ní kò wọlé, kí ni ì bá ṣe? Ẹ bi í nígbà tí ẹ jọ ń rìn tàbí tí ẹ jọ ń fọ abọ́, kí ojú má baà kan ojú. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó ní kíláàsì wọn fún ọjọ́ kan bí wọ́n bá gbà, lẹ́yìn náà kí ẹ má bi í léèrè títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ọmọ ọdún 10 kò lè dá ìpinnu yìí ṣe, àmọ́ bó bá ní òun kò fẹ́, tó sì sọ ìdí tó lórí, ẹ gbà pé ó mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀ tí ẹ kò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa tún un wò

Bí ẹ bá ti pinnu láti fi í síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ kan sílẹ̀: ìparí sáà kejì. Sáà àkọ́kọ́ máa ń le fún gbogbo ọmọ, ẹ má fi ṣe ìdájọ́. Ẹ kọ àwọn àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé kò bá a mu sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà báyìí, nígbà tí ara yín balẹ̀, torí pé nígbà tí àmì náà bá dé, ẹ̀rù àti ìtìjú á máa sọ fún yín pé ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Èyí ni àwọn tí mo rí lára ọmọ mi tí mo sì ń fojú fò. Inú ń run ún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kì í sì í run ún ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó pa bọ́ọ̀lù tì, ó ní òun kò ráàyè, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn ń wo ògiri ni. Ó ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "èmi tí mi ò mọ nǹkan kan" nípa ohun tí kò kan ilé-ìwé rárá. Ọmọ tí iṣẹ́ kàn ń rẹ̀ lásán máa ń rẹ́rìn-ín nígbà ìsinmi. Tèmi kò rẹ́rìn-ín, ó ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé.

Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, kí ẹ sì jọ mú ohun kan rọrùn: iṣẹ́ kan tí wọ́n máa dín kù, ẹ̀kọ́ kan tó máa kúrò. Bí ìyípadà kò bá sí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè sí ibòmíràn. Ẹ rí àyè náà gbà kí ẹ tó sọ fún ọmọ, kó má baà wà láàárín ilé-ìwé méjì. Ẹ gba ìwé èsì àti ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ kí sáà tó parí, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ fún un, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣìnà nínú ibi tí ẹ yàn fún un. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Kò fèsì, ó kàn lọ wá bọ́ọ̀lù rẹ̀.